Ilẹ̀ Ẹsẹ̀ Òkè Ìsòdò, àti Bí Bàbá Rẹ Ṣe Fi Iṣẹ́ Káńsù Sílẹ̀

Àdúgbò Ọjà,
Aramọkọ-Èkìtì.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ṣọlá, ọmọ mi àtàtà,

Dẹ́rẹ́bà tó ń ná ọ̀nà Ìjerò ló mú lẹ́tà rẹ wá fún mi lánàá. Mo kà á lórí ìdúró, mo tún jókòó kà á. Káńsù ti gbà ọ́ síṣẹ́, ọ́fíìsì tó ń yẹ pláànù wò ni wọ́n sì fi ọ́ sí. O ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gé ilẹ̀ sí plọ́ọ̀tì, tàbí tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìtajà, iwájú rẹ ni ìwé rẹ̀ yóò kọ́kọ́ dé kí ìgbìmọ̀ tó jókòó lé e lórí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí.

O kọ ọ́ pé o kò ní bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, pé òtítọ́ nìkan ni o máa sọ, àti pé bó pẹ́ bó yá àwọn ará ìlú yóò mọ rírì rẹ. Ohun tí o kọ́kọ́ sọ yẹn wù mí. Èyí tí o fi parí rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

O mọ̀ pé irú iṣẹ́ yìí ni bàbá rẹ ṣe ní Ìsòdò. Ohun tí o kò mọ̀ ni bó ṣe kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni o wà ní Adó nígbà tó ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni a ní kí o máa lo ìsinmi rẹ nígbà náà, a sì sọ fún ọ pé ó ti fẹ̀yìn tì ni a ṣe kó wá sí Aramọkọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ bẹ́ẹ̀, pé kí ọkàn rẹ lè wà lórí ìwé rẹ. Ó ti lọ sinmi báyìí, ìwọ náà sì ti jókòó sórí irú àga tó jókòó sí. Ó tọ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

O rántí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà lẹ́sẹ̀ òkè ní Ìsòdò, níbi tí ẹ ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sẹ́ni tó kọ́lé síbẹ̀ rí. Kókò ni àwọn ìyá wa ń gbìn sí i. Nígbà tí òjò bá pọ̀ lórí òkè, ibẹ̀ ni àgbàrá ń gbà lọ sódò. Kì í ṣe ọdọọdún ló ń wá. Nígbà mìíràn ó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn á fi gbàgbé pé ọ̀nà omi ni.

Ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn kan, iná jó ọjà Ìsòdò. Koríko la fi bo àtíbàbà wa nígbà náà. Kí a tó rí omi pọn, ó ti jó tán. Gbogbo aṣọ tí mo ń tà jóná. Sàláwátù, tí ẹ ń pè ní Ìyá Alábọ́, kó abọ́ tánganran rẹ̀ jáde láàárín eérú, gbogbo rẹ̀ ti dúdú, ara rẹ̀ sì ti hó. Ẹ̀gbẹ́ ara wa ni èmi àti Sàláwátù ti ń tajà láti ìgbà tí mo ti fẹ́ bàbá rẹ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ó ku òun àti ọmọ méjì, ilé wa ni wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ Kérésì, ilé wọn ni àwa náà ti ń jẹ ẹran Iléyá. Ọjọ́ tí iná jó yẹn, ó jókòó sílẹ̀ láàárín ọjà, ó ní, “Ìyá Ṣọlá, mi ò ní jókòó sábẹ́ koríko mọ́ láyé mi.”

Ohun tó fà á tí gbogbo ìlú fi yọ̀ nìyẹn nígbà tí Olóyè Àjíbádé mú pláànù rẹ̀ wá. Oníkòkó ni, olówó ni, òun ló ra páànù tí wọ́n fi kan ṣọ́ọ̀ṣì wa àti mọ́ṣáláṣí. Ó ti ra ilẹ̀ ẹsẹ̀ òkè lọ́wọ́ ẹbí tó ni ín. Ó fẹ́ gé e sí plọ́ọ̀tì, kí ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù ní ìlà méjì, kí ó gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e lórí, kí àwọn ọlọ́jà lè máa gbé òkè kí wọ́n sì máa tajà nísàlẹ̀. Sìmẹ́ńtì àti páànù ni, kò sí koríko kankan.

Fi èyí sọ́kàn, ọmọ mi: Àjíbádé kì í ṣe èèyàn burúkú. Àwọn tí yóò máa mú pláànù wá bá ọ, púpọ̀ nínú wọn kò ní jẹ́ èèyàn burúkú. Bí o bá ń wá olè lójú gbogbo ẹni tó wọlé, o kò ní rí ilẹ̀ tó wà nínú ìwé tó mú dání. Ilẹ̀ ni kí o máa wò.

Bàbá rẹ wo ilẹ̀ náà. Ó bọ́ bàtà, ó mú àdá àti ọ̀pá gígùn, ó rìn ín láti ẹsẹ̀ òkè dé etí odò, ó gbẹ́ ẹ káàkiri. Nígbà tó délé, ó ní iyanrìn ni gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀, iyanrìn tí omi kó wá. Kò ní kí Àjíbádé má kọ́ nǹkan kan. Ó ní kí ó fi ọ̀nà omi sílẹ̀ láàárín, kí ó fi òkúta mọ gọ́tà ńlá sí i, kí ó yọ ìlà ẹ̀yìn kúrò, kí ó má sì gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé èyí tó kù. Àjíbádé ní plọ́ọ̀tì tí wọ́n ní kí òun yọ yẹn ni yóò mú owó òun padà, pé bí kò bá sí wọn, òun kò ní kọ́ ọ rárá.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀. Gbọ̀ngàn káńsù kún, wọ́n sì gba ará ìlú láyè láti dúró lẹ́yìn. Èmi àti Sàláwátù wà níbẹ̀. Bàbá rẹ dìde, ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Òyìnbó ló sọ, nítorí pé òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣe ìpàdé, ó sì gbàgbọ́ pé ohun tó bá òfin mu nìyẹn.

Sàláwátù fi ìgúnpá gún mi. “Kí ló ń sọ?”

Mo ní, “Omi ló ń sọ.”

“Omi wo?”

Ìba díẹ̀ tí mo gbọ́ kò tó láti túmọ̀ rẹ̀ fún un. Nígbà tí bàbá rẹ jókòó, alága yíjú sí àwa tí a wà lẹ́yìn, ó sì fi èdè wa sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ará wa, iná jó yín, ẹ rí iná. Ṣé omi tí ẹnì kankan kò rí ni yóò wá máa darí wa?” Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Sàláwátù náà pàtẹ́wọ́. Wọn kò fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà ṣá, nítorí pé láìsí ìbuwọ́lù bàbá rẹ, ìwé náà kò lè kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn obìnrin ọjà wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́ kan. Sàláwátù ló síwájú. Wọ́n kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ, ó ní kí wọ́n dìde.

Sàláwátù ní, “Bàbá Ṣọlá, a bẹ̀ yín. Òjò ń bọ̀, a kò ní ibi tí a máa kó ọjà sí. Kí la ṣe tí ẹ kò fi fẹ́ kí a ní ulé?”

Bàbá rẹ ní, “Kì í ṣe pé mi ò fẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni. Wọn kò gbà kí n sọ ọ́ síta.”

“Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì? Nígbà tí wọ́n bá kọ́ ọ tán, ta ló máa jókòó sínú rẹ̀, ọ́fíìsì ni àbí èmi?”

Bàbá rẹ wọ yàrá lọ. O mọ̀ ọ́n, kò gbọ̀jẹ̀gẹ́, ohun tí òfin bá ní kí ó pa mọ́, yóò pa á mọ́. Mo tẹ̀ lé e wọlé, mo ní kí ó jáde lọ ṣàlàyé fún wọn, àwọn èèyàn wa ni. Ó ní bí òun bá ń sọ ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ lójúde, òun kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fi ọkàn tán. Àwọn obìnrin náà dúró díẹ̀, wọ́n sì lọ. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń kí mi lọ́jà, ṣùgbọ́n wọn kì í dúró.

Kò pẹ́ sígbà náà ni káńsù ní kí bàbá rẹ fi pláànù sílẹ̀, kí ó lọ máa bójú tó ilé ìgbẹ́ àti ibi tí wọ́n ń pa ẹran. Ó ṣe é. Ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ lọ láràárọ̀, kò ráhùn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní iṣẹ́ ti tán. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ wá wo ilẹ̀ náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú mọ́tò ló jókòó sí, ó ti ojú fèrèsé wò ó. Ó buwọ́ lù ú.

Wọ́n kọ́ ọ, ó sì dára lójú. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Wọ́n fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kùn ún. Sàláwátù gba ṣọ́ọ̀bù kan nínú ìlà ẹ̀yìn, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sókè rẹ̀. Ó to abọ́ rẹ̀ sórí pẹpẹ, èèyàn á ti òkèèrè rí i tó ń dán. Wọn kò fún èmi ní ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó Wolé-wolé ni mí, bí wọ́n ti ń pe bàbá rẹ. Abẹ́ igi ọ̀dán iwájú ọjà ni mo ń tajà sí. Òjò ọdún náà rọ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Tọdún kejì rọ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké á máa pariwo tẹ̀ lé bàbá rẹ bó bá ń ti oko bọ̀: “Wolé-wolé, omi dà?” Àwọn ìyá wọn á gbọ́, wọn kò ní bá wọn wí.

Bí o bá sọ pé ewu wà níbì kan, Ṣọlá, má rò pé ewu náà yóò tètè dé láti gbè ọ́ lẹ́sẹ̀. Ó lè pẹ́. Gbogbo àkókò yẹn, ìwọ ni òpùrọ́. Bí o kò bá lè gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú orúkọ yẹn, tètè wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ọjọ́ tó dé, ọjọ́ ọjà ni, ọ̀sán ni. Òjò kò rọ̀ púpọ̀ lọ́dọ̀ wa nísàlẹ̀. Orí òkè ló ti ṣú dúdú láti àárọ̀. A kọ́kọ́ gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí lọ́rì ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, lẹ́yìn náà ni omi pupa já wọ ẹ̀yìn ọjà, ó ń yí òkúta. Àwọn tó wà ní ìta sá. Mo sáré lọ sí ìlà ẹ̀yìn, mo ń pe Sàláwátù. Lásísì ọmọ rẹ̀ kékeré ní ibà lọ́jọ́ náà, òkè ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó yọjú lójú fèrèsé. Ó rí mi nínú omi tó ti dé orúnkún mi.

Ó ní, “Ìyá Ṣọlá, ẹ tètè máa bọ̀ lókè níbí. Omi á gbé yín lọ.”

Ohun tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ó ń pè mí kí n wá sá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Omi ti kó iyanrìn kúrò lábẹ́ ilé náà, ni ilé bá jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀. Kò tilẹ̀ pariwo tó bí mo ti rò pé ilé máa ń pariwo.

Bàbá rẹ sáré dé láti oko. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ kó àlàpà. Òun ló kọ́kọ́ kan aṣọ Sàláwátù. Wọ́n gbé e jáde tòun ti Lásísì láyà rẹ̀, àti àwọn mìíràn tí n kò ní dárúkọ wọn. Àjíbádé náà wà níbẹ̀, ó fi ọwọ́ lérí, ìyàwó àbúrò rẹ̀ wà nínú àwọn tó kú. Nígbà tó rí bàbá rẹ nínú ẹrẹ̀, ó ní, “Inú rẹ dùn báyìí. Ìwọ lo fi ẹnu rẹ pè é. Ẹnu rẹ ló pa wọ́n.”

Mo rò pé ẹnì kan máa dá a lóhùn. Ńṣe ni àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan ju ẹrẹ̀ lu bàbá rẹ lẹ́yìn, òmíràn náà jù ú. Ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó sì kúrò níbẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí a lọ síbi ìsìnkú. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń sọ òkúta lu páànù wa. Àwọn tí kò gbà pé àgbàrá wà ti wá gbà pé èpè ló gbé e wá. Ẹni tó buwọ́ lu pláànù náà ti gba ìgbéga lọ sí ìlú mìíràn, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. A di ẹrù wa, a wá sí Aramọkọ.

Nítorí náà, má ṣe iṣẹ́ yìí nítorí kí ìlú lè mọ rírì rẹ. Bí o bá sọ òótọ́ tí wọ́n sì gbọ́, kò ní sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní o kàn dí àwọn lọ́wọ́. Bí wọn kò bá gbọ́ tí ó sì ṣẹlẹ̀, wọ́n lè ní ìwọ lo fà á. Mi ò rí ọ̀nà kẹta. Ìdí kan ṣoṣo tó kù ni àwọn tí yóò máa sùn sínú ilé náà. Bí ìdí yẹn kò bá tó ọ, kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, mi ò ní bínú.

Bàbá rẹ gbé ọdún díẹ̀ níbí, ó ń dá oko iṣu. O rí i nígbà ìsinmi rẹ, o sì máa ń bi mí pé kí ló dé tí Bàbá kì í fẹ́ jẹun bí òjò bá ṣú. Mo máa ń sọ pé inú ló ń run ún. Nígbà àìsàn tó gbé e lọ, ó pè mí, ó ní, “Mo sọ fún alága. Mo sọ fún Àjíbádé. Mo sọ fún gbogbo ìgbìmọ̀, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Mi ò sọ fún Sàláwátù.”

Mo ní kí ó má da ara rẹ̀ láàmú, òfin ló tẹ̀ lé. Ó ní, “Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó bi mí. Bí mo bá mú un lọ́wọ́ dé ilẹ̀ yẹn, tí mo fi iyanrìn náà hàn án, ṣé kò ní mọ̀ ọ́n? Ẹni tó ń gbin kókò síbẹ̀ ni ìyá rẹ̀.”

Mo rò ó títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá Sàláwátù ìbá gbọ́. Iná ti dẹ́rù bà á púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìbá ti jẹ́ pé òun ló yàn án fún ara rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí, ọmọ mi. Má yẹ ilẹ̀ wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Bí òjò bá ń rọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kí o wọ bàtà rẹ lọ. Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ òyìnbó, sọ òyìnbó fún wọn, ṣùgbọ́n kí o tó kúrò nínú gbọ̀ngàn, yíjú sẹ́yìn kí o fi èdè ilé sọ ọ́ fún àwọn tó dúró. Ohun tí òfin bá ní kí o pa mọ́, béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ bóyá lóòótọ́ ni òfin sọ bẹ́ẹ̀. Èmi béèrè lẹ́yìn tí bàbá rẹ kú. Òfin kankan kò sọ bẹ́ẹ̀, àṣà ọ́fíìsì ni.

Má máa sọ pé rárá kí o sì dákẹ́. Sọ ohun tó lè sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn èèyàn nílò ṣọ́ọ̀bù, wọ́n nílò ilé, ìlú gbọ́dọ̀ fẹ̀. Bí pláànù bá dára, buwọ́ lù ú kíákíá, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wá kí ọ kí ó tó rí i gbà.

Má gba ẹ̀bùn. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn, o mọ ilé tí o ti wá.

Bí o bá sì sọ ohun kan tí ó wá rí bẹ́ẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ pé ‘mo ti sọ’. Bàbá rẹ kò sọ ọ́ rárá, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ ọ.

Bí wọ́n bá gbé ọ kúrò, tàbí wọ́n ní iṣẹ́ tán, máa bọ̀ nílé. Ilẹ̀ iṣu bàbá rẹ ṣì wà, ojú kò ní tì mí láti gbà ọ́.

Ó ku ohun kan. O ti bi mí rí bí Ràmọ́tù ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, mo sì ní ìyá rẹ̀ ló kú, mi ò sọ irú ikú tó kú. Bí Sàláwátù ìyá rẹ̀ ṣe kú nìyẹn. Ilé-kéú ló wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí ló gbà kí n máa mú un lọ, nígbà tó rí i pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ ọ àfi èmi. Bàbá rẹ ló máa ń jí i fún sààrì nígbà ààwẹ̀, títí tó fi kú. Kí n tó lẹ ìwé yìí, mo kà á sí Ràmọ́tù létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Mo bi í bóyá kí n yọ ibi tí ìyá rẹ̀ ti yọjú lójú fèrèsé kúrò. Ó ń ran aṣọ lọ, kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Ẹ fi síbẹ̀, Mà. Ẹ ní kí Bọ̀ọ̀dá máa kà á kí wọ́n tó buwọ́ lu pláànù ẹnikẹ́ni.”

Ọlọ́run tó ṣọ́ mi nínú omi yẹn yóò ṣọ́ ọ.

Èmi tí mo bí ọ,
Màmá Ṣọlá.